ORÍ KEJE: ILÉ-Ọ̀GBÌN KÉKERÉ INÚ YÀRÁ ÀTI Ọ̀NÀ AFẸ́FẸ́ RẸ̀

Èrèdí ẹ̀kọ́ yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, tí ó sì ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà ní ìparí rẹ̀, ó yẹ kí ó lè sọ ohun tí ilé-ọ̀gbìn jẹ́ àti ìdí tí ooru fi ń há sínú rẹ̀. Kí ó lè ṣírò bí afẹ́fẹ́ tí yóò gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Kí ó lè fi pákó, ọ̀rá àti aṣọ fèrèsé àlòkù kan ọ̀kan tí yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kí ó sì lè so fáànù kékeré mọ́ ọn láìsí ewu iná.

1. Ìlú àti ọjà tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ

Ọjà Kantamanto wà ní àárín gbùngbùn Accra, olú ìlú Gánà, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, kò sì jìnnà sí Makola àti Okaishie. Aṣọ àlòkù ni a fi mọ̀ ọ́n káàkiri ayé: béèlì tí wọ́n dì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà, ní Kánádà àti ní Ṣáínà a gúnlẹ̀ sí èbúté Tema, a gun ọkọ̀ akẹ́rù wọ ìlú, a sì bọ́ sórí àwọn obìnrin alárùú tí àwọn ará Accra ń pè ní kayayei, tí wọ́n ń rù ú gba ojú ọ̀nà tóóró tí ó wà láàárín ìsọ̀ sí ìsọ̀. Ọjà ńlá ni, ọjà a-tà-má-tàn, níbi tí ẹni tí ó wá ra ṣòkòtò ti ń bá aṣọ fèrèsé, aṣọ ìtẹ́bùsùn àti bàtà pàdé lójú ọ̀nà kan náà.

Ẹni tí ó bá ń gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀yìnkùlé. Yàrá kan, tàbí yàrá pẹ̀lú pálọ̀, nínú agboolé tí ọ̀pọ̀ ayálégbé jọ ń lò, ni ibùgbé àwọn tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ibi tí kì í bá ṣe ìsọ̀, ọ̀nà ni, ibi tí kì í bá sì í ṣe ọ̀nà, gọ́tà ni. Síbẹ̀ àwọn baba wa ní bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó, yóò yó. Pẹpẹ kan tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tí ó sì fẹ̀ ní 60, lè gba irúgbìn ata tàbí tòmátì tí ó lé ní 250 bí a bá fi sẹ̀ǹtímítà 5 sáàárín ọ̀kan sí èkejì, ìyẹn sì ju ohun tí ìdílé kan yóò gbìn sínú garawa àti àpò ìrẹsì lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi ojú ọjọ́ Accra sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Òjò ibẹ̀ kò pọ̀: nǹkan bí mìlímítà 800 ní ń rọ̀ lọ́dún, èyí tí ó kéré púpọ̀ sí ti Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé etí òkun kan náà ni ìlú méjèèjì wà. Òjò àkọ́rọ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin títí wọ oṣù keje, àrọ̀kúrò a sì dé ní oṣù kẹsàn-án. Láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni ọyẹ́ máa ń fẹ́ láti aṣálẹ̀, ọyẹ́ a-gbẹ-ètè-gbẹ-ewé. Ṣùgbọ́n láti January dé December, òtútù kì í pa ọ̀gbìn kankan ní Accra. Gbólóhùn yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí a ó kọ́ nínú orí yìí, nítorí pé ìwé tí wọ́n kọ ní ilẹ̀ òtútù a máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi bí a ó ṣe há ooru mọ́lé, ẹni tí ó bá sì tẹ̀lé wọn ní etí òkun Gánà, ńṣe ni yóò máa se ọ̀gbìn rẹ̀ jinná. Níhìn-ín, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ yóò gbà ni à ń kọ́kọ́ là sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó wá kan àpótí yí i ká.

2. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a gbọ́dọ̀ mọ̀

Ilé-ọ̀gbìn ni ilé tàbí àpótí tí a fi ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá bò, ìbáà ṣe gíláàsì, ìbáà ṣe ọ̀rá, kí ọ̀gbìn inú rẹ̀ lè rí ìmọ́lẹ̀, kí atẹ́gùn líle, ọ̀gbẹlẹ̀ àti kòkòrò má sì ráyè dé bá a. Bí ó bá kéré tó láti dúró sábẹ́ òrùlé tí ènìyàn ń gbé, a ń pè é ní ilé-ọ̀gbìn inú yàrá.

Ìpààrọ̀ afẹ́fẹ́ ni jíjáde tí afẹ́fẹ́ tí ó ti gbóná, tí ó ti kún fún omi, tí ọ̀gbìn sì ti lo ohun tí ó nílò nínú rẹ̀, ń jáde, tí afẹ́fẹ́ titun sì ń wọlé rọ́pò rẹ̀. Ojú ibi tí ti titun ń gbà wọlé ni ihò ìwọlé. Ojú ibi tí ti àtijọ́ ń gbà jáde ni ihò ìjáde. Ìpààrọ̀ tí kò lo ẹ̀rọ kankan ni ìpààrọ̀ àdáyébá. Èyí tí fáànù ń ṣe ni ìpààrọ̀ oníná.

Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ni omi tí a kò fi ojú rí tí ó wà nínú afẹ́fẹ́. Ìdá ọ̀rinrin ni bí omi náà ṣe pọ̀ tó nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí afẹ́fẹ́ náà lè gbà ní ìwọ̀n ooru tí ó wà. Ìlàágùn ewé ni omi tí ewé ń tú jáde láti ojú ihò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ara rẹ̀. Òun ni ó ń fa omi àti oúnjẹ láti gbòǹgbò gòkè, tí ó sì ń mú kí ewé tutù nínú òòrùn.

3. Àpótí dókítà Ward

Ní ọdún 1829, dókítà kan ní ìlà-oòrùn London, Nathaniel Bagshaw Ward, fi kòkòrò labalábá alẹ́ kan tí ó ṣì wà nínú èèpo rẹ̀ sínú ìgò tí ó ní ilẹ̀ tútù, ó sì dé e lẹ́nu, nítorí pé ó fẹ́ rí bí kòkòrò náà yóò ṣe là. Ohun tí ó rí kì í ṣe ohun tí ó ń retí: koríko kan àti ewéko kan tí èéfín èédú London kì í jẹ́ kí ó yè nínú ọgbà rẹ̀ hù láti inú ilẹ̀ náà, wọ́n sì ń dàgbà láìsí ẹni tí ó ń bomi rin wọ́n. Omi tí ewé ń làágùn rẹ̀ lọ́sàn-án a di ìrì lára ìgò, a sì ṣàn padà sínú ilẹ̀. Ní 1833, Ward fi àpótí onígíláàsì méjì tí ó kún fún ewéko ránṣẹ́ sí Sydney ní Ọsirélíà nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì gúnlẹ̀ láàyè lẹ́yìn oṣù mélòó kan lórí òkun. Ní 1842 ó kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà.

Láti ìgbà náà ni àwọn ọgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú àpótí bẹ́ẹ̀ kó ọ̀gbìn láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Inú rẹ̀ ni tíì gbà láti Ṣáínà dé Íńdíà. Inú rẹ̀ náà ni àwọn ọmọ igi rọ́bà tí wọ́n hù ní ọgbà Kew wà nígbà tí wọ́n gbé wọn lọ sí Ceylon, tí a ń pè ní Sri Lanka lónìí, ní 1876. Ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, ọgbà Aburi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1890 lórí òkè Akuapem, tí kò jìnnà sí Accra, ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti gba ọmọ igi kòkó lọ gbìn. Ìtàn ohun ọ̀gbìn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò lè pé láìdárúkọ irú ọgbà wọ̀nyí.

Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ kan. Àpótí Ward wà ní dídé nítorí pé òtútù, èéfín àti omi iyọ̀ òkun ni ọ̀tá ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí a bá gbé e sójú fèrèsé ní Accra ní oṣù kẹta, tí a sì dé e bẹ́ẹ̀, òòrùn ọjọ́ kan péré lè pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

4. Ìdí tí ilé-ọ̀gbìn fi ń gbóná, tí ó sì ń há

Ìmọ́lẹ̀ òòrùn a máa la ọ̀rá tàbí gíláàsì kọjá wọ inú àpótí, a bọ́ sára ilẹ̀, pákó àti ewé, a sì di ooru níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó yí wọn ká a gba ooru náà, a sì fẹ́ gòkè, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́ ju tútù lọ. Ní pápá gbangba, kò sí ohun tí yóò dá a dúró: gbígbóná a lọ, tútù a bọ̀. Nínú àpótí, òrùlé ni yóò bá pàdé, yóò sì dúró síbẹ̀, èyí tí ó tẹ̀lé e yóò sì gbóná jù ú lọ. Irúgbìn tòmátì àti ata fẹ́ràn láti nǹkan bí 21°C dé 30°C. Bí ó bá kọjá 35°C, ojú ihò ewé lè pa dé, kí ìlàágùn dúró, ewé tí kò làágùn mọ́ a sì máa gbóná ju afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ibà mú tí kò rí òógùn là.

Ọ̀rọ̀ omi inú afẹ́fẹ́ kò kéré sí ti ooru. Kúbíìkì mítà kan afẹ́fẹ́ lè gba nǹkan bí gíráàmù 30 omi nígbà tí ó bá wà ní 30°C, ṣùgbọ́n bí ó bá tutù dé 24°C lóru, nǹkan bí 22 ni ó lè gbà mọ. Gíráàmù 8 tí ó ṣẹ́kù ni ìrì tí a ń bá lára ọ̀rá láàárọ̀, tí ó ń kán tótó sórí ewé. Ewé tí ó bá wà ní tútù láti ìrọ̀lẹ́ di ọ̀yẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn àrùn, èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn sì ni ìdùbúlẹ̀ irúgbìn, àrùn tí kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ́ Pythium àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fà: ẹsẹ̀ irúgbìn a dúdú, a tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú níbi tí ó ti kan ilẹ̀, irúgbìn tí ó dúró ṣánṣán lánàá a sì ti nà gbalaja ní àárọ̀ yìí. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gbin nǹkan sínú àpótí a máa rò pé òùngbẹ ni ó pa á, wọn a tún bomi lé e, ikú a sì tàn kálẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ń rìn ni ó ń gbẹ ewé, tí ó sì ń dá àrùn yìí dúró ju oògùn lọ.

Ìdí kẹta fara sin. Ewéko a máa fi kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì inú afẹ́fẹ́ ṣe oúnjẹ rẹ̀ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ kò ju nǹkan bí 4 nínú 10,000 lọ. Nínú kúbíìkì mítà kan, kò tó ìdajì lítà. Ọ̀gbìn tí ó kún àpótí tí a dé pa yóò jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ láàárín ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà, ìmọ́lẹ̀ ìbáà pọ̀, omi ìbáà pọ̀, ìdàgbà rẹ̀ yóò falẹ̀.

5. Ìṣirò afẹ́fẹ́

A ó fi àpótí tí ó gùn ní mítà 1.2, tí ó fẹ̀ ní 0.6, tí ó sì ga ní 1.5 ṣe ìṣirò. Inú rẹ̀ jẹ́ 1.2 × 0.6 × 1.5, èyí tí ó fún wa ní kúbíìkì mítà 1.08. Òfin tí àwọn olùtọ́jú ilé-ọ̀gbìn ń tẹ̀lé ní ìgbà ooru ni pé kí gbogbo afẹ́fẹ́ inú ilé náà pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Fún àpótí wa, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí kúbíìkì mítà 1 ní ìṣẹ́jú kan.

Ǹjẹ́ èyí tó? Ẹ jẹ́ kí a wò ó. Bí kúbíìkì mítà 1 afẹ́fẹ́ bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan, tí ó sì fi 5°C gbóná nígbà tí ó ń jáde ju ìgbà tí ó wọlé lọ, nǹkan bí wáàtì 100 ooru ni ó ń gbé lọ. Òòrùn ọ̀sán tí kò sí ìkùukùu lójú rẹ̀ a máa da nǹkan bí wáàtì 1,000 sórí sukúẹ̀ mítà kan ilẹ̀. Kí a sọ pé ìdá márùn-ún rẹ̀, wáàtì 200, ni ó gba fèrèsé wọ inú àpótí. Afẹ́fẹ́ kúbíìkì mítà 1 kò ní lè gbé wáàtì 200 lọ àfi bí ó bá gbóná ní 10°C. Bí yàrá bá sì wà ní 31°C, inú àpótí yóò di 41°C. Ìlàágùn ewé yóò dín in kù díẹ̀, ṣùgbọ́n irúgbìn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù kò ní ewé púpọ̀ tí yóò fi làágùn.

Ọ̀nà méjì ni ó wà. A lè sọ afẹ́fẹ́ di ìlọ́po méjì, kí kúbíìkì mítà 2 máa kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Tàbí kí a fi aṣọ fèrèsé funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bojú òòrùn kí ìdajì ìmọ́lẹ̀ náà má wọlé, kí wáàtì 200 di 100. Ìyọrísí wọn kan náà ni: 36°C dípò 41°C. Èyí ni pé aṣọ fèrèsé àlòkù kan láti Kantamanto ń ṣe iṣẹ́ fáànù odidi kan, kò sì béèrè iná mànàmáná. Bí a bá lo méjèèjì pọ̀, yóò sún mọ́ 34°C, ìyẹn sì ti di ohun tí irúgbìn lè fara dà fún wákàtí díẹ̀ ní ọ̀sán.

6. Kíkan àpótí náà

*Ibi tí yóò wà.* Accra wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 5½ sí àríwá agbedeméjì ayé, nítorí náà òòrùn a máa fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí àtàrí lọ́sàn-án. Fèrèsé ìlà-oòrùn ni ó dára jù: ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ pọ̀, ooru rẹ̀ kò sì tíì le. Fèrèsé ìwọ̀-oòrùn ni ó burú jù, nítorí pé òòrùn ìrọ̀lẹ́ ń bá yàrá tí ó ti gbóná látàárọ̀. Kí àpótí fi sẹ̀ǹtímítà 10 ó kéré tán jìnnà sí ògiri, kí fèrèsé yàrá náà sì wà ní ṣíṣí lọ́sàn-án, nítorí pé àpótí tí ó ń mí nínú yàrá tí kò mí, afẹ́fẹ́ tí ó mí síta náà ni yóò tún mí sínú.

*Pákó.* Pákó arère, tí àwọn ará Gánà ń pè ní wawa, fúyẹ́, kò wọ́n, ìṣó sì ń wọ̀ ọ́ láìya. Àbùkù rẹ̀ ni pé omi àti ikán tètè ń bà á jẹ́. Ìrókò, odum lẹ́nu tiwọn, a máa pẹ́ púpọ̀ ṣùgbọ́n owó rẹ̀ gòkè. Ẹni tí kò ní owó púpọ̀ lè fi ìrókò ṣe ẹsẹ̀ mẹ́rin tí yóò kan ilẹ̀, kí ó fi arère tí a kùn ní ọ̀dà funfun ṣe ìyókù. Kí ìsàlẹ̀ àpótí ga sí ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí pẹpẹ inú rẹ̀ sì jẹ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí àlàfo wà láàárín wọn, nítorí pé pẹpẹ tí ó jẹ́ pákó gbọọrọ kan ṣoṣo yóò dí afẹ́fẹ́ lọ́nà bí ògiri.

*Ihò.* Kí a tó kan ohunkóhun bò ó, a ó wọn ihò sílẹ̀. Ó yẹ kí ihò ìjáde tó nǹkan bí ìdá márùn-ún ilẹ̀ àpótí. Ilẹ̀ tiwa jẹ́ sukúẹ̀ mítà 0.72, ìdá márùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ 0.144, ojú ihò tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 100 tí ó sì fẹ̀ ní 15 lórí òrùlé yóò fún wa ní 0.15. Ihò ìwọlé yóò wà nísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní 100, kí ó sì fẹ̀ ní 10. Bí ihò ìwọlé ṣe jìnnà sí ihò ìjáde sókè sísàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbígbóná ṣe ń ní agbára láti fa tútù wọlé. Àpótí tí ihò rẹ̀ méjèèjì wà lórí ìlà kan náà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mí rárá. Kí a fi ìdérí tí ó ní ìdè sí ihò kọ̀ọ̀kan, kí a lè ṣí i gbayawu ní ìgbà ooru, kí a sì dín in kù bí ọyẹ́ bá dé.

*Ọ̀rá.* Ọ̀rá funfun tí ó nípọn ni kí a lò. Ibi tí ìṣó bá ti gbá a ni ó ti ń ya, nítorí náà àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà a máa gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá, wọn a sì gbá ìṣó gba orí rọ́bà wọlé: rọ́bà ni yóò di ọ̀rá mú, kì í ṣe orí ìṣó. Kí ọ̀rá náà le kí ìrì lè máa ṣàn lójú rẹ̀ sísàlẹ̀. Èyí tí ó bá rọ̀ tí ó lọ́ kẹ̀ǹdù, ìrì yóò kó jọ síbẹ̀, yóò sì máa kán sórí irúgbìn.

*Aṣọ fèrèsé.* Funfun ni kí a rà, nítorí pé aṣọ dúdú a gba ooru sára. Ìta ọ̀rá ni kí a ta á sí, kì í ṣe inú. Ooru tí aṣọ bá gbà ní ìta yóò bá atẹ́gùn yàrá lọ, èyí tí ó bá gbà nínú yóò dúró ti ọ̀gbìn. Láti mọ èyí tí ó tọ́ nínú òkìtì aṣọ, kí a nà án sójú òòrùn, kí a sì na ọwọ́ lókè rẹ̀. Bí òjìji ìka márààrún bá hàn kedere lábẹ́ rẹ̀, ó fẹ́lẹ́ jù. Bí a kò bá rí òjìji rárá, ó nípọn jù. Èyí tí ó fi òjìji ọwọ́ hàn ní bàìbàì ni kí a ná. Kí a fọ̀ ọ́ kí a tó ta á, nítorí eruku béèlì.

Ìrépé aṣọ náà tí ó bá ṣẹ́kù ni a ó fi bo ihò. Yóò dí tata àti labalábá lọ́nà, ṣùgbọ́n eṣinṣin funfun tí kò gùn ju mìlímítà kan lọ, tí ó ń gbé àrùn ewé-kíká wọ inú tòmátì, yóò gba ojú aṣọ olójú gbàràgàdà kọjá. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kò tó ìdajì mìlímítà nìkan ni ó lè dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ sì ni bí ojú àwọ̀n bá ṣe kéré tó ni afẹ́fẹ́ ṣe ń nira láti kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ihò ìwọlé àti ìjáde di ìlọ́po méjì ohun tí a sọ lókè yìí.

*Ìdánwò èéfín.* Kí a tó gbé irúgbìn wọ inú rẹ̀, kí a tan kọ́ìlì ẹ̀fọn lórí àwo irin, kí a gbé e sí ìta ihò ìwọlé ní ọ̀sán, níbi tí iná rẹ̀ kò lè kan ọ̀rá tàbí aṣọ. Bí èéfín bá wọlé tí ó gòkè tí ó sì jáde lórí òrùlé, ọ̀nà afẹ́fẹ́ là. Bí ó bá ń yí kiri ní igun kan, afẹ́fẹ́ kò dé igun náà, a ó sì lu ihò síbẹ̀ tàbí kí a má gbin nǹkan síbẹ̀.

7. Fáànù àti iná mànàmáná

Fáànù inú kọ̀ǹpútà àlòkù tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12, tí ó ń lo 12 volt, bá irú àpótí yìí mu. Bí kò bá sí ohun tí ó dí i lọ́nà, ó lè fẹ́ kúbíìkì mítà 1 sí 1.5 ní ìṣẹ́jú kan. Bí àwọ̀n bá wà níwájú rẹ̀, kí a ka ìdajì rẹ̀. Ihò ìjáde lókè ni kí a kàn án mọ́, kí ojú rẹ̀ kọ síta, kí ó máa fa afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde; afẹ́fẹ́ tútù yóò gba ìsàlẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀. Apá ihò ìjáde tí fáànù kò gbà, kí a dé e nígbà tí fáànù bá ń ṣiṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ tútù yóò gba ẹ̀gbẹ́ fáànù wọlé, fáànù yóò sì tún fà á jáde láìjẹ́ pé ó dé ọ̀dọ̀ irúgbìn kankan.

Fáànù kì í ṣe ọ̀gá. Iná mànàmáná Accra, tí ó ń wá ní 230 volt, a máa lọ nígbà mìíràn, àwọn ará ibẹ̀ sì mọ dumsor, bí wọ́n ṣe ń pe lílọ-bíbọ̀ iná, dunjú. Àpótí tí irúgbìn rẹ̀ ń kú ní wákàtí kan lẹ́yìn tí iná lọ, kì í ṣe fáànù ni ó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ bí kò ṣe ihò. Ẹni tí ó bá ní agbára lè so fáànù mọ́ pánẹ́ẹ̀lì sólà kékeré tí ó ní ẹ̀rọ tí ń kó volt rẹ̀ níjàánu. Òòrùn tí ó ń mú àpótí gbóná ni yóò máa yí fáànù, bí òòrùn bá sì wọ̀, tí ooru lọ, fáànù yóò dákẹ́.

Ní òru January 1, 2025, iná jó Kantamanto, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìsọ̀ ni ó sì di eérú kí ilẹ̀ tó mọ́, nínú ọjà tí pákó àti aṣọ ti sún mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Àpótí tí a ń kọ́ yìí pẹ̀lú jẹ́ pákó, ọ̀rá àti aṣọ nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn sí, nítorí náà kò sí àyè fún àìbìkítà. Ẹ̀rọ tí ó ń sọ 230 volt di 12 ni kí a fi sójú iná, ìta àpótí ni kí ó sì wà, ní ibi tí ó ga ju ojú omi èyíkéyìí lọ. Kí wáyà tí ó bọ́ láti inú àpótí kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó gòkè lọ sí ẹ̀rọ náà, kí omi tí ó bá ń tọ wáyà bọ̀ lè kán sílẹ̀ níbẹ̀. Kí a má ṣe so nǹkan púpọ̀ mọ́ ojú iná kan, kí a má sì gba wáyà sábẹ́ aṣọ fèrèsé. Gílóòbù onífílámẹ́ǹtì àtijọ́ kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí, nítorí ooru rẹ̀. Bí yàrá bá ṣókùnkùn, gílóòbù LED ni kí a gbé kọ́ sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 lókè irúgbìn, fún wákàtí 12 sí 14 lójúmọ́.

8. Ìtọ́jú láti ìgbà dé ìgbà

Ní àkókò ooru, láti oṣù kejì dé oṣù kẹrin, kí gbogbo ihò wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru, àfi apá ihò ìjáde tí a ń dé nígbà tí fáànù bá ń ṣiṣẹ́. Ní àkókò òjò, ọ̀rinrin ni ọ̀tá: kí a bomi rin ọ̀gbìn láàárọ̀ nìkan, kí ewé lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ọyẹ́ bá dé, kí a dín ihò ìwọlé kù sí ìdajì, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ yóò fa omi ewé ju bí gbòǹgbò ṣe lè fà á wá lọ. Àkókò yìí ni àpótí ń ṣe iṣẹ́ tí Ward fi ṣe é gan-an. Ẹ̀ka tí a gé láti ta gbòǹgbò yàtọ̀ sí irúgbìn: ó ń fẹ́ ìdá ọ̀rinrin 80 sí 95, nítorí náà kí a fi ike bo òun nìkan nínú àpótí, kí a má tìtorí rẹ̀ dé gbogbo ihò mọ́ àwọn yòókù.

Kí a da omi inú àwo ìsàlẹ̀ ìkòkò nù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nítorí pé ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn láàárín nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10. Kí irúgbìn tó kúrò nínú àpótí lọ sí ìta, kí a máa gbé e síta fún wákàtí díẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ewé rẹ̀ lè mọ òòrùn.

Àwọn kókó

Òòrùn ń wọ inú àpótí gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀, ó sì ń di ooru níbẹ̀. Ìpààrọ̀ afẹ́fẹ́ ń gbé ooru jáde, ń gbẹ ewé, ó sì ń mú kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì titun wọlé. Ihò ìwọlé wà nísàlẹ̀, ti ìjáde wà lókè, a sì ń wọn méjèèjì kí a tó kan ọ̀rá. Dídín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì àti sísọ afẹ́fẹ́ di ìlọ́po méjì ń mú ìyọrísí kan náà wá. Ìpààrọ̀ àdáyébá gbọ́dọ̀ lè pa ọ̀gbìn mọ́ láàyè bí iná bá lọ.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ àti ìdá ọ̀rinrin?

2. Ṣàlàyé ìdí tí ìrì fi máa ń wà lára ọ̀rá láàárọ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò bomi rin ọ̀gbìn ní alẹ́.

3. Àpótí kan gùn ní mítà 1, ó fẹ̀ ní 0.5, ó sì ga ní 1.2. (a) Kúbíìkì mítà mélòó ni inú rẹ̀? (b) Báwo ni ihò ìjáde rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó?

4. Wáàtì 150 ooru ń wọ inú àpótí kan, kúbíìkì mítà 1.5 afẹ́fẹ́ sì ń kọjá nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bí yàrá bá wà ní 30°C, kí ni ìwọ̀n ooru afẹ́fẹ́ tí ó ń jáde? Kí ni yóò jẹ́ bí a bá ta aṣọ tí ó dá ìdajì ìmọ́lẹ̀ dúró?

5. Ọ̀rẹ́ rẹ kan ihò ìwọlé àti ìjáde sórí ìlà kan náà ní àárín àpótí rẹ̀, ó sì ń ṣe kàyéfì pé irúgbìn rẹ̀ ń dùbúlẹ̀. Kọ lẹ́tà sí i, kí o ṣàlàyé ohun tí ó fà á àti àtúnṣe rẹ̀.

6. Dárúkọ ìdí tí a fi ń ta aṣọ fèrèsé sí ìta ọ̀rá, àti ìdí tí a kì í fi lo èyí tí ó dúdú.

7. Báwo ni àpótí Ward ṣe yàtọ̀ sí èyí tí a nílò ní Accra? Ní àkókò wo nínú ọdún ni méjèèjì fi jọ ara wọn?

8. *Iṣẹ́ ọwọ́.* Kan àpótí kan pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin mìíràn. Gbé òṣùwọ̀n ooru méjì kọ́, ọ̀kan nínú àpótí, ọ̀kan nínú yàrá, kí ẹ sì máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ ní aago 7 àárọ̀, aago 1 ọ̀sán àti aago 6 ìrọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì: ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ láìta aṣọ, ọ̀sẹ̀ kejì pẹ̀lú aṣọ. Ya àwòrán ìlà láti fi ìyàtọ̀ wọn hàn, kí ẹ sì gbé e wá sí kíláàsì.